Erùpẹ̀ Pupa Ìdí Eyín

"Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ yẹn?" Alákọsílẹ̀ bi mí láti etí kòtò.

"Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?" Mo di ọwọ́ mi gbágbá.

Èmi àti ọmọbìnrin tí mo sọ ní Alákọsílẹ̀ yìí ò fẹ́ rí ara wa sójú rárá. Kíláàsì kan náà la wà. Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi tó ń ṣèwádìí nípa ẹranko ayé àtijọ́, ló kó àwa méjèèjì wá ní ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́ pé ká bá òun gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé iṣẹ́ àwọn oníbíríkì. Egungun àti eyín ẹranko tó ti kú láti bíi mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ọdún là ń wá. Àǹtí ti sọ pé ẹnì kan ṣoṣo nínú wa lòun máa mú padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Alákọsílẹ̀ sì ti gbà pé òun ni, ẹni tó jẹ́ pé bó bá wúkọ́ báyìí, á kọ ọ́ sínú ìwé. Inú rẹ̀ ń bí mi gidigidi.

Eyín ẹṣin ló wà lọ́wọ́ mi, ó gùn tó ìka àárín. Àǹtí ti kọ́ wa pé koríko máa ń gbé iyanrìn dání, iyanrìn sì máa ń jẹ eyín. Ìdí nìyẹn tí ẹranko tó ń jẹ koríko fi ń ní eyín gígùn. Èyí tó ń jẹ ewé igi, eyín kúkúrú ti tó fún un. Nítorí náà, ẹni tó bá rí eyín á mọ̀ bóyá pápá ni ibẹ̀ láyé ọjọ́un tàbí igbó. Nínú ilẹ̀ pupa tó wà lókè, eyín gígùn là ń rí. Nínú ilẹ̀ aláwọ̀ eérú tó wà nísàlẹ̀, tó ti pẹ́ ju ti òkè lọ, eyín kúkúrú nìkan ni.

Ilẹ̀ pupa ni mo ti yọ tèmi. Irú rẹ̀ kún àpótí, kò sẹ́ni tó máa torí ẹ̀ wò mí lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ilẹ̀ aláwọ̀ eérú ló ti jáde ńkọ́? A jẹ́ pé koríko ti dé ṣáájú ìgbà tí gbogbo ọ̀mọ̀wé rò. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, mo fọ eyín náà títí ó fi mọ́, mo sì kọ "ilẹ̀ aláwọ̀ eérú" sí páálí kékeré tí à ń so mọ́ eyín kọ̀ọ̀kan láti fi mọ ibi tó ti jáde.

Àǹtí tí kì í rẹ́rìn-ín gbá mi mọ́ra. Ó ránṣẹ́ pe àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, Alákọsílẹ̀ nawọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tó rí i, ilẹ̀ pupa ló ń gbẹ́."

"Òpùrọ́!" mo pariwo mọ́ ọn. "Ìlara ló ń dà ọ́ láàmú!"

Bàbá tó dàgbà jù nínú àwọn àlejò gba eyín náà. Ó mú abẹ́rẹ́, ó tì í bọ ihò tó wà nídìí eyín, níbi tí búrọ́ọ̀ṣì mi ò dé, ó sì gbọ̀n ọ́n sórí pépà funfun. Erùpẹ̀ pupa ló jáde.

"Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún..." ni bàbá náà wí. Kò parí rẹ̀, gbogbo wa la mọ ìyókù. Wọ́n kó ìwé wọn, wọ́n lọ.

"O ta epo sí àlà mi," ni Àǹtí wí. Ó fa àpótí mi sọ́dọ̀. Eyín mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya páálí ara wọn níkọ̀ọ̀kan.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́! Ọ̀kan ṣoṣo ni mo parọ́ sí! Òótọ́ ni gbogbo ìyókù!"

"Ta ló máa jẹ́rìí sí i? Ìwọ?"

Ó da gbogbo rẹ̀ sínú garawa tí à ń kó òkúta tí a ò mọ ibi tó ti wá sí. Alákọsílẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ títí dòní, ṣùgbọ́n òun ni Àǹtí mú padà lọ́dún kejì, ó sì tọ́ sí i.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́. Irọ́ kan péré ni mo pa. Òótọ́ mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló bá a lọ.