Àga Bàbá Nínú Ọkọ̀ Ìje

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni. Oòrùn kò tíì le, Bàbá sì ti wà nídìí tábìlì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó fi awò kékeré sójú kan, ó ń fi irinṣẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tú inú aago ọwọ́ kan. Iṣẹ́ atún-aago-ṣe ló ti ń ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, òun kò fẹ̀yìn tì. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè ìgbà tó máa sinmi, á ní ojú òun ṣì ń ríran, ọwọ́ òun kò sì gbọ̀n, kí ni òun ń sinmi fún.

"Bàbá wọn, ẹ gbé aago yẹn sílẹ̀," ni Ìyá wí láti ẹnu ọ̀nà. "Àbí ẹ ò bá wọn lọ mọ́ ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Aṣọ tí mo wọ̀ yìí, ṣé ti àtisùn ni?"

Lóòótọ́ ló ti múra. Ọjọ́ náà ni ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́ máa sáré ìje fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ọkọ̀ pẹlẹbẹ onílẹ̀kùn méjì kan ni, irú èyí tó sún mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ á kọ́kọ́ tẹ̀ ba bí ẹni ń wá owó ẹyọ nílẹ̀. Bàbá rà á nígbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú kirimú, kò sì sí ọmọge àdúgbò tí kò mọ ìró rẹ̀. Nígbà tí ọmọ di mẹ́rin, ọkọ̀ náà kò gbà wọ́n mọ́. Ó wọ gáréèjì ẹ̀yìnkùlé, eruku bò ó mọ́lẹ̀.

Àbíkẹ́yìn Bàbá, ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe, ló ní òun fẹ́ sọ ọ́ di ọkọ̀ ìje. Ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n máa ń kó ọkọ̀ àtijọ́ lọ sáré ní pápá ìje tó wà lẹ́yìn ìlú, kì í ṣe nítorí owó, ìgbádùn lásán ni. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ mẹkáníìkì bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n tú kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n tú rédíò, wọ́n yọ gbogbo ohun tó lè mú ọkọ̀ wúwo. Wọ́n pààrọ̀ búréèkì sí ti ìje. Wọ́n wá fi páìpù irin gbọọrọ gbọọrọ di inú rẹ̀ yíká, lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti lẹ́yìn, wọ́n jó o pọ̀, kó lè jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá takìtì ní pápá, òrùlé kò ní tẹ ẹni tó wà nínú rẹ̀ pa.

Lọ́jọ́ tí Ìyá rí irin náà, ó wò ó títí.

"Àgò rèé o," ló wí. "Adìẹ mélòó lẹ fẹ́ kó sínú ẹ̀?"

"Adìẹ kan ṣoṣo ni, Ìyá. Èmi ni."

"Àkùkọ tí kò tíì fẹ́yàwó. Ẹ tètè tì í pa kó má bàa sá."

Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí taya.

Ó yẹ kí àga ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ náà kúrò, torí ẹnì kan ló ń sáré ìje. Bàbá ni kò gbà.

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi," ló wí. "Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nínú ọkọ̀ yìí lẹ ti tú dànù. Orí àga yẹn ni ìyá yín máa ń jókòó sí nígbà tí mò ń fẹ́ ẹ."

Ìyá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Àánú ṣe àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà, wọ́n fi àga náà sílẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti wọlé. Àga awakọ̀ jẹ́ tuntun, ó rì mọ́lẹ̀, bẹ́líìtì rẹ̀ pọ̀, ó de èjìká méjèèjì, ó de ìbàdí. Àga Bàbá ga bó ṣe ga láti ilẹ̀ wá, bẹ́líìtì rẹ̀ sì jẹ́ ti àtijọ́, tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gba àyà kọjá. Bí èèyàn bá jókòó síbẹ̀, àlàfo tó wà láàárín orí rẹ̀ àti irin ẹ̀gbẹ́ kò tó àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n ti ra fóòmù líle tí wọ́n máa fi di irin náà, ṣùgbọ́n wọn ò tíì dì í. Wọ́n ní kí ọ̀dà tí wọ́n kùn ún gbẹ dáadáa ná, bí àwọn bá dé pápá, àwọn á dì í níbẹ̀.

Wọ́n ti bá ọkùnrin kan tó máa ń fi ọkọ̀ gbé ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n ń retí rẹ̀ ni fóònù dún. Taya rẹ̀ ti bẹ́ lọ́nà, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ní òun máa pẹ́ díẹ̀.

"Bá a bá dúró dè é, àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò ní pápá á ti gátì mọ́ wa lójú," ni Àbíkẹ́yìn wí.

Mẹkáníìkì ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Ṣé ká kúkú wà á lọ?"

"Ọkọ̀ yìí? Lójú pópó?"

"Ká rọra máa lọ ni. Irin tó ń gba èèyàn là lórí eré burúkú, ṣé kò ní gbà á là lórí ìrìn jẹ́jẹ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dún bí ọgbọ́n. Ìyá tọ́ka sí akoto ìje tó wà lórí tábìlì.

"O ò ní dé nǹkan yìí sórí?"

"Akoto nínú mọ́tò, Ìyá? Wọ́n á rò pé mo fẹ́ lọ jalè ni."

Wọ́n ní kí Bàbá bá Ìyá wọ ọkọ̀ mẹkáníìkì tó máa tẹ̀ lé wọn. Ó ní rárá, ọkọ̀ òun lòun máa wọ̀. Ó tẹ̀ ba, ó gba abẹ́ irin kọjá, ó jókòó sórí àga rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọdé.

Wọn ò sáré. Gbogbo ẹni tó rí wọn ló lè jẹ́rìí sí i. Àwọn ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ ń kọjá lára wọn, Bàbá ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. "Ọkọ̀ ìje rèé," ló ń sọ. "Ìgbín ló máa gba ipò kìíní." Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti àdúgbò wọn ni ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ kan já láti òpópónà kékeré kan síwájú wọn. Àbíkẹ́yìn tẹ búréèkì. Ó dà bí ẹni tẹ ọṣẹ tútù, ọkọ̀ kò dúró. Ó yí ọwọ́ ọkọ̀ kó má bàa pa oníkẹ̀kẹ́, ọkọ̀ bá gun ẹ̀bá ọ̀nà, ó fi ẹ̀gbẹ́ kan gbá òpó iná.

Kò le rárá. Iná iwájú kan ló fọ́, gíláàsì kò tiẹ̀ sán. Bẹ́líìtì di Àbíkẹ́yìn mú pinpin, kò sí ohun tó ṣe é.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá," ló wí. "A dúpẹ́, kò burú."

Bàbá kò dáhùn. Orí rẹ̀ fara ti irin, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ń sàn lókè etí rẹ̀.

Mẹkáníìkì sáré dé, ó fẹ́ wọ́ ọ jáde. Oníkẹ̀kẹ́ ló dá a dúró. "Ẹ má fà á, ọrùn rẹ̀ lè ti ṣèṣe. Kí ẹnì kan di orí rẹ̀ mú bó ṣe wà, kí ẹlòmíì pe áńbúláǹsì." Ìyá kò pariwo. Ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí ọkọ rẹ̀ mú, ó ń pè é ní orúkọ tí kò fi pè é mọ́ látìgbà tí wọ́n ti bímọ.

Nílé ìwòsàn, dókítà pè wọ́n sínú yàrá kan, ó fi fọ́tò inú orí Bàbá hàn wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ti ń gbára jọ nínú agbárí, wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ kíákíá.

"Dókítà, a ò sáré," ni Àbíkẹ́yìn wí. "Mo fi Ọlọ́run búra."

"Mo gbà yín gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, inú ọkọ̀ tí gbogbo èèyàn ń wà, kí ló wà níbi tí orí lè gbá?"

"Aṣọ. Fóòmù. Àpò afẹ́fẹ́ sì tún wà nínú àwọn tuntun."

"Kí ló wà nínú tiyín?"

Àbíkẹ́yìn tún wo fọ́tò náà.

"Ẹ ti yọ ohun rírọ̀ kúrò, ẹ fi irin rọ́pò rẹ̀," ni dókítà wí. Kò bá wọn jà, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ ni. "Ní pápá, akoto ló ń gba ìyẹn fún orí, bẹ́líìtì yín ò sì ní jẹ́ kí ara yẹ̀. Bàbá kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Orí téèyàn fi gbá irin báyìí, kò dìgbà tí ọkọ̀ bá sáré kó tó pa á lára."

Nígbà tí wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mẹkáníìkì sọ̀rọ̀ láìgbójú sókè.

"Páàdì búréèkì tá a fi sí i, ti ìje ni. Ó gbọ́dọ̀ gbóná dáadáa kó tó lè di ọkọ̀ mú. Lára ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé, kò lè mú nǹkan kan."

"O mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó di pé a jáde?" ni Àbíkẹ́yìn bi í.

"Mo mọ̀. Mo rò pé bá a bá sáà ti rọra, kò ní sí nǹkan."

Ìyá gbọ́ ọ. Ó kàn ká ìbòrí rẹ̀, ó tún un ká.

Bàbá kò kú. Ó sùn fún ọjọ́ mélòó kan, ó jí, ó béèrè omi, ó béèrè ẹni tó gba ipò kìíní. Ẹ̀rín àti ẹkún pọ̀ mọ́ ara wọn nínú yàrá náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà sílé, tó jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Irinṣẹ́ á jábọ́, á ṣà á, á tún jábọ́. Dókítà ní yóò dára díẹ̀ sí i, kò ní padà sí bó ṣe wà. Àwọn tó gbé aago wá wá ń gbé aago wọn lọ ní méjì méjì, wọ́n ń kí i kú ewu.

Ọlọ́pàá gba ìwé ìwakọ̀ Àbíkẹ́yìn, torí ọkọ̀ náà kò yẹ lójú pópó mọ́ látìgbà tí wọ́n ti tú u. Ilé iṣẹ́ adójútòfò ní ọkọ̀ ojú pópó làwọn bá wọn ṣàdéhùn lé lórí, àwọn ò mọ ọkọ̀ ìje rí. Àbíkẹ́yìn wá bá bàbá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, màá ta ọkọ̀ yẹn. Mi ò fẹ́ rí i mọ́."

"O fẹ́ tà á fún ọmọ ẹlòmíì, kóun náà lọ fi fọ́ orí bàbá tiẹ̀?"

Bàbá ní kó dìde.

"Àga yẹn, èmi ni mo ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Mi ò lè sọ pé ọwọ́ mi mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ mọ irin, ẹ̀yin lẹ mọ búréèkì, ẹ ò sì lè wo ojú mi kẹ́ ẹ ní rárá. Lọ tú u. Lẹ́yìn náà, kó o lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ, kó o sọ ọ́ bó ṣe rí. Má bò ó."

Ó lọ. Ó dúró níwájú wọn, ó sọ ọ́ látòkè délẹ̀, ti fóòmù, ti akoto, ti búréèkì tútù, ti ọwọ́ bàbá rẹ̀. Àwọn mélòó kan ń wolẹ̀, torí àwọn náà wa tiwọn láti ilé wá sí pápá láàárọ̀ ọjọ́ ìje yẹn. Kí wọ́n tó túká, wọ́n fẹnu kò pé ọkọ̀ tí wọ́n bá ti fi irin dì, tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé gátì, kò ní wọlé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú ọkọ̀ yìí nílé, tàbí tí ọmọ yín ń ṣe é lọ́wọ́ nínú gáréèjì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́. Látọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti fi irin sínú rẹ̀, ó ti kúrò lọ́kọ̀ tí ẹ ó fi gbé ìyàwó, bàbá tàbí ọmọ jáde, bó ti wù kẹ́ ẹ rọra tó. Ẹ yọ àga tó kù. Ẹ fi fóòmù di irin kí ẹnikẹ́ni tó wọ̀ ọ́, kì í ṣe tó bá dọ́hùn-ún. Ẹ dé akoto, ẹ jẹ́ kí búréèkì gbóná ní pápá kẹ́ ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹ̀yin àgbà, bí àwọn ọmọ bá ní ohun kan léwu, ẹ má lo àánú wọn láti yí wọn lérò padà. Bí ọkọ̀ tó máa gbé ọkọ̀ ìje yín bá sì pẹ́, ẹ dúró dè é. Bí wọ́n bá ti gátì, ẹ padà sílé. Ìje míì máa wà. Kí gbogbo àwọn tẹ́ ẹ jọ jáde nílé ṣì lè bá yín wò ó, ìyẹn ló wà lọ́wọ́ yín.