Ṣéènì Ẹ̀yìn Gbọ̀ngàn

Ìwọ tó o mú ìwé pélébé yìí lọ́wọ́, má tíì kà á. Kọ́kọ́ wo ibi tó o wà. Bó bá jẹ́ ibi tí èrò pọ̀ sí, wo ibi tí wàá gbà jáde. Lẹ́yìn náà, wo ọkàn rẹ pẹ̀lú, torí ó lè jẹ́ inú ibẹ̀ gan-an ni ewu tó pọ̀ jù wà. Èmi tí mò ń kọ ọ́, àyà mi ń já. Ìwé tí mo kà kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n mo jókòó nínú gbọ̀ngàn náà lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ohun tí mo rí, mo rí i, kò sì sẹ́ni tó lè ní kí n má sọ ọ́.

Ọkùnrin kan ló ni gbọ̀ngàn náà. Tèmi-Ni ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bó o bá sọ fún un pé àga rẹ̀ ti ń ṣẹ́, á ní, "Tèmi ni." Bó o bá ní ariwo orin rẹ̀ kò jẹ́ kí aláìsàn sùn, á ní, "Tèmi ni, àfi tó bá jẹ́ pé etí tìẹ náà ni mo fi ń gbọ́ ọ." Kì í mutí. Kì í jalè. Ó tilẹ̀ máa ń lọ sílé ìsìn bí wọ́n bá ti fi àga síwájú fún un. Ìgbéraga ló ń pa á bí ọtí.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ọkùnrin ló ń ṣọ́ ilẹ̀kùn fún un. Bọ̀ọ̀dá Kọ́kọ́rọ́ la máa ń pè é. Onígbàgbọ́ ni, aláwàdà sì ni. Àna ni wọ́n jẹ́ síra wọn, ó sì yẹ kí Tèmi-Ni bọ̀wọ̀ fún un. Ó ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n "ẹ" yẹn gbẹ bí háhá àgbàdo.

Ìgbà yẹn ni ìjọba ṣe òfin tuntun. Àwọn agbésùnmọ̀mí ti ń ṣọṣẹ́ níbi tí èrò ń péjọ sí. Òfin ní kí gbogbo ilé ìpàdé, ilé eré àti ilé ìsìn múra sílẹ̀. Ọ̀nà àbájáde gbọ́dọ̀ ju ẹyọ kan lọ, ó sì gbọ́dọ̀ ṣí wẹ́rẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n á ṣe bí ewu bá dé.

Inú bí Tèmi-Ni. "Ilé tí mo fi òógùn ara mi kọ́. Ta ló kù tó fẹ́ kọ́ mi bí mo ṣe máa ṣílẹ̀kùn?"

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló dùn ún jù. Ó ti pẹ́ tó ti fi ṣéènì àti àgádágodo dè é látinú, nítorí àwọn mo-gbọ́-mo-yà. Ẹ kúkú mọ̀ wọ́n. Wọ́n á gba ẹ̀yìn wọlé, wọ́n á jẹun ṣáájú ẹni tó ni àpèjẹ, wọ́n á tún ní omi ò tutù tó.

Bọ̀ọ̀dá Kọ́kọ́rọ́ bá a sọ̀rọ̀. "Àna mi, mo-gbọ́-mo-yà ò lè jẹ ju abọ́ kan lọ. Ẹ jẹ́ ká tú ṣéènì yìí."

"Ẹ ò lè mọ bí abọ́ kan ṣe ń dunni, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń jẹ méjì."

Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín. "Mo gbà, méjì ni mò ń jẹ. Ẹ tú u náà. Ẹ̀mí èèyàn ni mò ń wí. Mo sì ń wí ti ẹ̀mí tiyín mọ́ ọn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Jésù ti dúró síta yín, ẹ ò jẹ́ kó wọlé."

"Olùṣọ́ ilẹ̀kùn ni mo gbà síṣẹ́. Mi ò gba wòlíì."

Ọjọ́ tí obìnrin tí ìjọba rán máa wá yẹ gbọ̀ngàn wò pé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Tèmi-Ni tú ṣéènì, ó ta epo sí irin ilẹ̀kùn, ó gbé àmì aláwọ̀ ewé kọ́ sókè rẹ̀: Ọ̀NÀ ÀBÁJÁDE. Ó ní káwọn òṣìṣẹ́ sáré gba ibẹ̀ jáde kí obìnrin náà rí i. Wọ́n sáré. Obìnrin náà yìn ín, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọkọ̀ rẹ̀ kò tíì yà ní kọ̀rọ̀ tí ṣéènì ti padà sáyè rẹ̀. Àmì yẹn nìkan ni Tèmi-Ni kò yọ, ó ní ó dára lójú. Ó sì gba kọ́kọ́rọ́ àgádágodo lọ́wọ́ àna rẹ̀, ó sọ ọ́ sápò ara rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ wa là ń ṣe báyìí fún Ọlọ́run. Bí àlejò bá dé, a tú ṣéènì. Bó bá lọ tán, ńkọ́? Ẹ jẹ́ n máa bọ́rọ̀ lọ.

Ọjọ́ tí àwa aránṣọ ń ṣèpàdé ọdún wa, gbọ̀ngàn kún. Ìyàwó Tèmi-Ni wà lára wa, ẹ̀yìn ló jókòó sí. Ọ̀sán gangan ni. Táyà ọkọ̀ akẹ́rù kan bẹ́ lójú títì, ó dún bí ìbọn. Ẹnì kan ní, "Wọ́n ti dé o." Kò sẹ́ni tó bèèrè pé àwọn wo. Gbogbo wa la mọ ẹni tí à ń bẹ̀rù.

Àwọn tó wà níwájú gba iwájú jáde. Àwọn tó wà lẹ́yìn gbójú sókè, wọ́n rí àmì aláwọ̀ ewé, wọ́n gbà á gbọ́. Wọ́n ya lọ síbẹ̀. Ilẹ̀kùn kò ṣí. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò mọ̀, wọ́n ń tì wọ́n.

Tèmi-Ni ti sáré débẹ̀ láti ṣí i. Èrò ká a mọ́. Ó wà ní ẹ̀gbẹ́ àgádágodo, kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ há láàárín àyà ẹlòmíràn àti ògiri. Kò lè ki ọwọ́ bàpò. Ìyàwó rẹ̀ ṣubú lójú rẹ̀. Ó fẹ́ gbàdúrà, àdúrà ò wá. Ohun tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde ò ju, "Tèmi ni, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Tèmi ni."

Bọ̀ọ̀dá Kọ́kọ́rọ́ ló gun orí tábìlì, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Kò pariwo. Ó ní, "Táyà ló bẹ́. Mo ti wo ìta, kò sẹ́nì kankan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn pátápátá, ẹ yíjú síwájú, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi." Díẹ̀díẹ̀, wọ́n yíjú. Afẹ́fẹ́ wọlé. Ọwọ́ Tèmi-Ni bọ́. Kò mú kọ́kọ́rọ́ náà jáde. Ojú ń tì í.

Kò sẹ́ni tó kú. Àmọ́ àwọn èèyàn farapa púpọ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ni tiẹ̀ le jù. Itan rẹ̀ ṣẹ́.

Àwọn ọlọ́pàá bèèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ń wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ẹnu ló ní Bọ̀ọ̀dá Kọ́kọ́rọ́ ni. Wọ́n mú un lọ. Tèmi-Ni dúró níbẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Ní ilé ìwòsàn, ìyàwó rẹ̀ bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n mi dà?"

"Wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò."

"Nípa kí ni? Ṣebí ẹ̀yin lẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn."

Tèmi-Ni dìde, ó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Bọ̀ọ̀dá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Àna mi, ibí yìí ò ní mo-gbọ́-mo-yà. Oúnjẹ wọn ò dáa."

Tèmi-Ni ò lè rẹ́rìn-ín. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò dárúkọ mi?"

"Mo ti sọ fún wọn pé kì í ṣe èmi. Wọn ò gbà. Ti pé ẹ̀yin ni, mo fẹ́ kẹ́ ẹ fẹnu yín sọ ọ́. Bí mo bá sọ ọ́, ẹjọ́ ni. Bẹ́ ẹ bá sọ ọ́, ìrònúpìwàdà ni."

"Wọ́n á ti gbọ̀ngàn pa. Wọ́n lè jù mí sẹ́wọ̀n."

"Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n lè ṣe é. Mi ò ní parọ́ fún yín. Jésù ò ṣèlérí pé wọn ò ní ti gbọ̀ngàn. Ẹ̀ṣẹ̀ yín ló gbé rù, ó kú nítorí rẹ̀. Ẹ ṣáà gbà pé tiyín ni."

Ọkùnrin gíga yìí kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, níwájú àna rẹ̀ àti níwájú ọlọ́pàá. Ó ní, "Jésù, tèmi ni. Ẹ̀ṣẹ̀ náà, tèmi ni. Gbà mí." Ìgbà yẹn ló tó mú kọ́kọ́rọ́ jáde, ó gbé e sórí tábìlì wọn. Wọ́n tú Bọ̀ọ̀dá sílẹ̀, wọ́n sì pe Tèmi-Ni lẹ́jọ́.

Àwọn onígbọ̀ngàn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́, wọ́n kó lọ́yà wá bá a. Wọ́n ní kó lọ sọ pé orí òun ò pé lọ́jọ́ tí òun jẹ́wọ́, pé àna òun ló ti kọ́kọ́rọ́ bọ òun lápò.

"O fẹ́ kó bá gbogbo wa," ni ọ̀kan wí. "Ta ni kò ní ṣéènì lẹ́yìn tiẹ̀?"

"Ẹ lọ tú u."

"Ìyẹn ni pé ìwọ ti di ẹni mímọ́?"

"Rárá. Mo di ẹni tí a dárí jì. Ẹ ti gbọ̀ngàn mi pa, ẹ ta á, ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbogbo ìpàdé yín. Mi ò ní kó ọ̀rọ̀ mi jẹ."

Òǹkàwé mi, ìwọ ńkọ́? Ìjọba ń bẹ̀rù apànìyàn tó ń bọ̀ láti ìta, ó sì tọ́. Múra sílẹ̀ dè é. Àmọ́ ta ni yóò gbà ọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó ti wọlé tipẹ́, tó ń bá ọ jẹun? Má sọ pé lọ́la. Èmi náà ń bẹ̀rù, mò ń wẹ̀yìn bí mo ti ń kọ èyí, torí àwọn kan ò fẹ́ kí o kà á. Wọ́n lè ya á. Jésù ṣì ń gbà là. Ibi tó o jókòó sí yẹn, ké pè é. Ké pè é lónìí.

Ọjọ́ tí ẹjọ́ Tèmi-Ni wáyé, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Adájọ́ bi í bóyá ó ní ohunkóhun tó fẹ́ fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́yà tí àwọn onígbọ̀ngàn gbà fún un fà á láṣọ. Ó rọra sọ sí i létí pé, "Sọ ọ́. Sọ pé àna rẹ ni. Àyè ṣì kù díẹ̀."

Tèmi-Ni yọ ọwọ́ lọ́yà kúrò lára aṣọ rẹ̀.

"Olúwa mi, mo ti sọ ọ́ tán."

Lọ́yà tún fà á. Ó tẹjú mọ́ adájọ́.