Èéfín Kọ́ Ló Há Fọláwẹ̀mí Lóhùn

Ní Ugbuwangue, àdúgbò àwọn apẹja létídò, bí kùrukùru bá bo odò láàárọ̀, ohùn Fọláwẹ̀mí ni Zachariah, ọkọ rẹ̀, fi ń mọ ọ̀nà èbúté. Obìnrin náà á dúró létídò, á ké: "Bàbá Ìlérí ò! Ibí ni o!"

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Zachariah kò gbọ́ nǹkan kan. Díẹ̀ ló kù kí ọkọ̀ rẹ̀ kọlu òpó.

"Ìyá Ìlérí, o ò pè mí?"

"Mo ń pè yín." Ohùn náà há bíi ti ẹni tó gbé eegun mì.

Akínsànmí, apẹja ẹgbẹ́ Zachariah, bú sẹ́rìn-ín. "Zachariah, ọkùnrin méjì ló wà nílé yín báyìí o!"

Ẹja ni Fọláwẹ̀mí ń yan tà, nítorí náà gbogbo wọn gbà pé èéfín ni. Zachariah wó ahéré ìyanja, ó ra oyin àti orógbó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá, ohùn kò là. Omi tún wá ń pá obìnrin náà lórí.

Ìlérí, ọmọ wọn, ló béèrè: "Papa, smoke don finish since. Wetin still dey hold Mama throat?"

Zachariah gbé àwọ̀n tó ń tún ṣe sílẹ̀. Ó mú ìyàwó rẹ̀, ó di ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì Sìkírátù kò kọ́kọ́ wo ọ̀fun. "Ìyá, ṣé ẹ máa ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹ bá ru ẹja?"

"Láti èṣí. Mo rò pé àgbà ló dé ni."

"Ẹsẹ̀ ńkọ́? Ó ń wú?"

"Bó bá dìrọ̀lẹ́."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí ọkọ. "Bàbá, iṣan tín-ín-rín tó ń mú ohùn ṣiṣẹ́ máa ń wọ inú àyà lọ, á gba ẹ̀gbẹ́ ọkàn kó tó padà gòkè sí ọ̀fun. Bí àìsàn bá mú ọkàn wú, ó lè tẹ iṣan náà."

"Ọkàn ni yóò wá ba ohùn jẹ́?"

"Bí ẹnì kan bá tẹ okùn àwọ̀n mọ́lẹ̀ létídò, ṣé ẹ lè fà á láti inú ọkọ̀?"

Zachariah mi orí pé òun kò lè fà á.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni nọ́ọ̀sì kọ ìwé fún wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi wo àyà rẹ̀ fi hàn pé ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn inú ọkàn kò ṣí dáadáa mọ́, apá kan ọkàn sì ti wú. Ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀. Dókítà kò ṣèlérí ohùn àtijọ́. "Ẹ̀mí ni ká kọ́kọ́ dì mú," ó ní.

Èémí ti ń balẹ̀ báyìí. Bí kùrukùru bá sì bo odò, ìdérí ìkòkò ni Fọláwẹ̀mí ń lù. Zachariah ń gbọ́, ó ń tukọ̀ bọ̀.

Ẹ̀yin ará wa, bí ohùn bá há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ẹ lọ rí dókítà. Bí èémí bá ń há, tí àyà ń dunni, tàbí tí omi ń páni lórí pẹ̀lú rẹ̀, ẹ má dúró rárá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ọ̀fun wò, kí wọ́n yẹ ọkàn àti àyà wò pẹ̀lú. Ẹ má fi oògùn tí ẹ rà fúnra yín bo àìsàn mọ́lẹ̀. Ohùn tó há kò lè ké gbàjarè fún ara rẹ̀. Ẹni tó wà nítòsí ni kó bá a ké e.