Ojú-Àwòdì àti Owó Fàdákà Gíríìkì

Ojú-Àwòdì ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin yìí. Aago ló ń tún ṣe. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, awò kékeré kan máa ń wà lójú ọ̀tún rẹ̀, ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ á sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìdí aago bá ti ṣí níwájú rẹ̀, kò sí eruku tó lè sá pa mọ́ fún un. Orúkọ náà bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n àwọn tó sún mọ́ ọn mọ̀ pé kì í ṣe torí aago nìkan ni wọ́n ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń wo inú aago ló ń wo ènìyàn.

Ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ jù láyé ni owó àtijọ́, owó idẹ àti fàdákà tí àwọn ará Gíríìkì àti àwọn ará Róòmù ná ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn. Ó ń rà wọ́n lọ́wọ́ àwọn atukọ̀ òkun, ó ń rà wọ́n lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹrù olóògbé. Èyí ní orí Késárì tí imú rẹ̀ ti pa rẹ́. Èyí ní ẹṣin. Òmíràn ní ọkọ̀ ojú omi. Ó fi aṣọ àrán tẹ́ inú àpótí pẹlẹbẹ kan, ó tò wọ́n sínú rẹ̀, ó sì gbé àpótí náà sí yàrá iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

Kò sí ohun tó burú nínú kí ènìyàn fẹ́ràn ohun àtijọ́. Ìfura tó wà nínú yàrá yẹn ló burú. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló fi ń ti àpótí yẹn. Lẹ́yìn tó bá tì í tán, á fa irun kan tu lórí rẹ̀, á fi itọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ìdérí, kó lè mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá ṣí i. Nígbà mìíràn á ní òun ń lọ sígboro, á rìn dé ìkóríta, á sì gba ẹ̀yìnkùlé padà wọlé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láti wo ohun tí àwọn ará ilé ń ṣe.

Ìyàwó rẹ̀ a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀. “Bó bá jẹ́ pé bí ẹ ṣe ń ṣọ́ irin yìí lẹ ń ṣọ́ èmi, ǹ bá ti sanra.”

“Ìfura loògùn àgbà,” ni ọkọ á wí.

Òwe tòótọ́ ni. Àmọ́ òwe kan wà tí kì í fẹ́ pa: olè ló mọ ẹsẹ̀ olè í tọ̀ lórí àpáta.

Ní ọdún mọ́kànlá ṣáájú àkókò yìí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan mú owó kan wá fún un. Tíṣà ni wọ́n ń pe ọ̀rẹ́ yìí, torí pé olùkọ́ ni kó tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n jọ lọ sílé ìwé ni, Tíṣà sì jẹ́ onígbàgbọ́ tòótọ́. Bàbá Tíṣà tó jẹ́ atukọ̀ ló fi owó náà sílẹ̀ nígbà tó kú. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Tíṣà ní, “Bá mi fọ̀ ọ́, kó o sì bá mi wò ó bóyá ó níláárí.”

Nígbà tí Ojú-Àwòdì fọ̀ ọ́ tán, àyà rẹ̀ já. Owó fàdákà Gíríìkì ni. Orí obìnrin tó dé akoto ogun wà lójú kan, òwìwí tó la ojú rẹ̀ kalẹ̀ wà lójú kejì. Irú rẹ̀ ló ti ń wá láti ìgbà èwe. Ó fi amọ̀ tẹ ojú rẹ̀ méjèèjì, ó yọ́ fàdákà àti òjé sínú amọ̀ náà, ó sì ṣe ẹ̀dà kan tó jọ ọ́ bí ìbejì. Ẹ̀dà yẹn ló fẹ́ dá padà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ ṣe é ni Tíṣà kan ilẹ̀kùn ṣáájú àkókò. Owó méjèèjì ṣì wà lórí tábìlì Ojú-Àwòdì. Ó fi ọ̀kan sínú àpòòwé, ó fi ìwé wé èkejì, ó sì yára sọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀. Ó gbé àpòòwé fún Tíṣà, ó ní, “Kò fi bẹ́ẹ̀ níláárí, ọ̀rẹ́ mi. Tọ́jú ẹ̀ torí bàbá ẹ.” Tíṣà dúpẹ́ títí.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ tán, ó yọ́ ìda lé èyí tó wà nínú ìwé lórí, ó gbé e sí ìsàlẹ̀ àpótí, kò sì ṣí i mọ́. Ẹ̀rù ń bà á láti wò ó. Láti ọjọ́ náà ló ti ń lẹ irun mọ́ ẹnu ìdérí. Ó ti rí i pé ọ̀rẹ́ lè ja ọ̀rẹ́ lólè lójú ara wọn. Bí òun bá lè ṣe é, ta ni kò lè ṣe é?

Ní ọdún kẹwàá lẹ́yìn náà, ọkọ àbúrò rẹ̀ obìnrin kú, àbúrò náà sì wá ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Òun ló ń gbá yàrá iṣẹ́, òun ló ń bá a nu gíláàsì aago. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a máa jókòó bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ní kúrò lára ìgbálẹ̀.

Ó wá di ọjọ́ kan, oníṣòwò owó àtijọ́ kan tó ń kọjá lọ yà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó wo àwọn Késárì, ó mi orí, ó ní, “Wọ́n dára. Àmọ́ irú wọn pọ̀ níta.”

Ìgbéraga gbé Ojú-Àwòdì wọ̀. Ó mú èyí tó wà nísàlẹ̀ àpótí jáde, ó fi ọ̀bẹ la ìda rẹ̀ níwájú àlejò.

Àlejò náà fi awò sójú. Kò pẹ́ tó fi rẹ́rìn-ín. “Bàbá, ẹ̀dà lèyí. Ẹ wo ìlà tó yí etí rẹ̀ ká. Ẹ wo àwọn ihò wẹ́wẹ́ yìí. Wọ́n yọ́ ọ ni, wọn ò fi òòlù lù ú.”

Ojú-Àwòdì gbà á, ó wò ó. Iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò, ṣùgbọ́n ìfura kò jẹ́ kó mọ̀ ọ́n.

Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé àlejò yìí ti fi ẹ̀dà pààrọ̀ owó òun. Ó gbá a lọ́rùn aṣọ mú, ó da ẹrù inú báàgì rẹ̀ sílẹ̀ lójú àwọn oníbàárà. Kò bá nǹkan kan níbẹ̀ bí kò ṣe aṣọ àti ìwé. Ọkùnrin náà ṣa ẹrù rẹ̀, ó ní, “Ọlọ́run á fi ẹni tó jà yín lólè hàn yín,” ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ojú-Àwòdì bá gba inú ilé lọ. Ó tú àpótí aṣọ àbúrò rẹ̀, ó gbọn ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ tó kú, tí obìnrin náà ká sílẹ̀ láti máa fi rántí rẹ̀, ó sì fi ọ̀bẹ la ìrọ̀rí rẹ̀. Òwú kún ilẹ̀.

“Ìwọ nìkan ló ń wọ yàrá yẹn,” ló ń wí. “Ta lo tà á fún?”

Àbúrò náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sunkún. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti tú àpótí mi. Inú mi ló kù, mi ò sì mọ bí mo ṣe lè ṣí i fún yín.” Ó kó ìwọ̀nba tó lè rù, ó sì jáde.

Ìyàwó Ojú-Àwòdì wò ó títí. “Gbogbo àwọn ọba tí ẹ tì mọ́nú àpótí yẹn,” ló wí, “kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè pè yín ní ẹ̀gbọ́n.” Láti ọjọ́ náà, kò fi í ṣẹ̀fẹ̀ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Àwọn aago tí wọ́n gbé wá wà lórí tábìlì, kò fọwọ́ kàn wọ́n. Níkẹyìn ìfura rẹ̀ já sórí Tíṣà. Ọjọ́bọ̀ ọjọ́bọ̀ ló máa ń wá kí i. Àbí ó ti mọ̀ tipẹ́? Àbí ó ti rọra gba tirẹ̀ padà, tó sì ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́? Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fi awò rẹ̀ sápò, ó gba ilé Tíṣà lọ bí ẹni tó kàn fẹ́ kí ọ̀rẹ́.

Tíṣà ń fi ọ̀bẹ kékeré bó ọsàn nígbà tó wọlé. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó fún un lága. “Ìyàwó ẹ ti sọ fún mi,” ló wí. “Ó dùn mí fún ọ. Dúró ná.”

Ó wọ yàrá, ó mú agolo ìpara àtijọ́ kan jáde, ó ṣí i, ó sì gbé ohun tó wà nínú rẹ̀ lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. “Ti bàbá mi tó o bá mi fọ̀ níjọ́sí. O ní kò níláárí, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n òwìwí ló wà lára tìẹ tó sọ nù náà, mo ní bóyá èyí á tù ọ́ nínú. Fi í ṣe tìẹ.”

Ojú-Àwòdì fi awò sójú. Kò sí ìlà létí rẹ̀. Ibi tí òòlù ti lù ú wà níbẹ̀. Owó náà gan-an ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, nínú ìkánjú, òun fúnra rẹ̀ ló ṣì wọ́n mú. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń ṣọ́ irọ́ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ. Torí irọ́ yìí ló ṣe lé ọmọ ìyá rẹ̀ jáde.

Ṣùgbọ́n ìfura kì í tètè kú. Ó gbójú sókè. “Kí lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?”

“Kí ni mo fẹ́ gbà?” Ẹnu ya Tíṣà. “Mo ní kó o mú un.”

Ó wo ojú Tíṣà bó ṣe ń wo inú aago. Ó wá ẹ̀tàn níbẹ̀, kò rí i. Èṣù sì sọ sí i létí pé, dákẹ́, sọ ọ́ sápò, ta ló máa mọ̀? Ó di ọwọ́ mọ́ owó náà. Ó dìde. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Ó padà, ó wólẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: amọ̀, òjé, àpòòwé, àti irọ́ tó pa.

Tíṣà jáde sí àgbàlá, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó wọlé padà, ojú rẹ̀ pọ́n.

“Inú bí mi, mi ò ní purọ́ fún ọ,” ló wí. “Ọdún mọ́kànlá lo fi ń jókòó lórí àga mi, tó ò ń bá mi rẹ́rìn-ín. Mo dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n ìdáríjì tèmi ò lè dé ibi tí olè jíjà yẹn ti ń wá.”

“Mi ò jí i, Tíṣà. Ẹ̀dà ló wà lọ́wọ́ mi.”

“Ọwọ́ rẹ ṣìnà, ọ̀rẹ́ mi. Ọkàn rẹ ò ṣìnà, ó ti jí i tán.”

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un dé eegun. Ó ní, “Kí ni kí n wá ṣe? Mo lè dá owó padà. Kí ni mo fẹ́ fi ọkàn yìí ṣe?”

“Gbé e fún Jésù bó ṣe rí. Olè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tó ń kú lórí igi, kò sì lé e. Gbogbo ohun tó o fi pa mọ́ ló ti rí, síbẹ̀ ó kú fún ọ.”

Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ láàárín èèpo ọsàn. Àdúrà Ojú-Àwòdì kò gùn. “Olúwa, olè ni mí. Mo ti fura sí gbogbo ènìyàn àfi ara mi. Gbà mí, torí Jésù.” Ó sunkún bí ọmọdé. Nígbà tó dìde, ohun tó ti wúwo láyà rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá kò sí níbẹ̀ mọ́.

Kò gba owó náà, ó fi í lé Tíṣà lọ́wọ́. Ó gba ilé aránṣọ kan lọ, níbi tí àbúrò rẹ̀ ń gbé, ó sì bẹ̀ ẹ́ lórí ìdúró. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán, ó ní, “Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ máa lọ ná.” Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, bó ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, ó tún yà síbẹ̀. Ó yà síbẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e náà. Ọlọ́run tètè dárí jì í, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ tí ẹ̀ṣẹ̀ dá sí ara ẹlòmíràn kì í jinná lójú ẹsẹ̀. Obìnrin náà kò tíì padà wálé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá, ó gbé àga fún un, ó sì bi í pé, “Ṣé ẹ ti jẹun?”

Ìwọ tó ń ka ìtàn yìí, bóyá o kò fọwọ́ kan owó Gíríìkì rí. Ta lò ń ṣọ́? Ọkọ rẹ ni, àbí aya rẹ, àbí ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́? Kí ni ohun náà tó o mọ̀ nípa ara rẹ tó mú kó o rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé rí?

Ọlọ́run kò nílò awò kó tó rí ọ. Ó mọ ọjọ́ náà, ó mọ yàrá náà, ó mọ irọ́ náà. Bó bá jẹ́ ìparun rẹ ló ń wá, ì bá ti dé tipẹ́. Ìwọ ló ń wá.

Má sọ pé ó di ìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Ojú-Àwòdì fi ọdún mọ́kànlá ṣòfò, ta ló ṣèlérí mọ́kànlá fún ọ? Ibi tó o jókòó sí yìí náà tó. Pe Jésù. Sọ orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà fún un, má ṣe bò ó, kó o sì ní kó gbà ọ́. Kò lé olè, kò ní lé ọ. Ṣe é lónìí, lẹ́yìn náà kó o dìde, kó o lọ bá ẹni tó o ṣẹ̀.