Ibi Tí Adémiládé Wà Nígbà Tí Ìyá Rẹ̀ Ń Dúró Dè É

Ìwọ tí ìwé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, jọ̀ọ́, má tíì jù ú nù. Ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Kì í ṣe ọ̀mùtí, kì í ṣe olè. Adémiládé ni orúkọ rẹ̀. Irọ́ kan péré ló ń pa, irọ́ náà sì dùn létí ẹni tó ń gbọ́ ọ.

Eccles nílùú Òyìnbó ló ń gbé, iṣẹ́ security ló ń ṣe ní Manchester Airport. Ṣágámù ni ìyá rẹ̀ wà, opó tó máa ń fi ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gbogbo oṣù nítorí ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun. Nígbà tí ọmọ náà ń lọ, ohun kan ṣoṣo ni ìyá bẹ̀ ẹ́: "Miládé, má fi Ọlọ́run sílẹ̀ sí Nàìjíríà o."

Ó fi í sílẹ̀. Fọ́tò yíyà ló gbà á lọ́kàn, ibi tí àwọn èèyàn ti pa tì ló sì fẹ́ràn jù láti máa yà: ilé iṣẹ́ òwú àtijọ́, ahéré lórí òkè lọ́nà Dobcross, ilé ìwòsàn tí òrùlé rẹ̀ ti jìn. Ọjọ́ Sunday nìkan ló máa ń ráyè lọ. Gbogbo Sunday náà ni Màmá sì máa ń fẹ́ mọ̀ bóyá ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ló máa sọ? Ó ní òun ti di òṣìṣẹ́ nínú ìjọ, òun lòun ń ya fọ́tò ìsìn, nítorí náà kí wọ́n má pe òun láti aago mẹ́wàá títí di aago méjì ààbọ̀.

Gbọ́ bí ìyá ṣe yọ̀! Ó sọ fún ẹgbẹ́ obìnrin, ó sọ fún pásítọ̀. Ọmọ òun ń fi kámẹ́rà sin Olúwa ní Manchester! Ìwọ náà kúkú mọ àwọn ìyá wa. Bí wọ́n bá ní èèyàn wà nínú ìsìn, ilé ìbáà máa jó, wọn ò ní pè é jáde.

Akíndèjì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, kò sinmi lórí rẹ̀. "Miládé, jẹ́ ká jọ lọ sí church ní Sunday. Mo máa wá fi mọ́tò gbé ẹ."

Adémiládé á rẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ ń bẹ níwájú, jàre. Ṣé Ọlọ́run fẹ́ sá lọ ni?"

"Ọlọ́run ò ní sá lọ. Ìwọ ni ẹ̀rù ẹ ń bà mí."

Ní Sunday kan nínú oṣù kẹwàá ọdún 2014, Monica, òyìnbó kan tí òun náà fẹ́ràn fọ́tò yíyà, fi mọ́tò gbé e lọ sí ọgbà ìṣeré ńlá kan lápá Lancashire tí wọ́n ti tì pa láti ìgbà díẹ̀. Ojú ihò tó wà lára wáyà tí wọ́n fi yí ọgbà náà ká ni wọ́n gbà wọlé. Háà! Ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé àwọn ọmọdé lọ sókè tó ń jù wọ́n sísàlẹ̀ ti dípẹtà, koríko ti hù lórí ìjókòó rẹ̀. Àwọn ẹṣin oníke wà nílẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ọ̀kan ò lórí mọ́. Ẹyẹlé ló gba ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Inú Adémiládé dùn dé ọrùn.

Monica bi í bóyá àwọn ará ilé rẹ̀ kì í pè é ní ọjọ́ Sunday. Ó ní, "Wọ́n rò pé mo wà ní church." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Ó ya fọ́tò títí ọwọ́ fi ń ro ó. Nígbà tí aago méjì ààbọ̀ lù, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn kan, ó yọ fóònù lápò, ó pe Màmá. Bí wọ́n ṣe gbé e báyìí, kò tiẹ̀ dúró gbọ́ ohùn ẹni tó gbé e.

"Màámi! A ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni o. Ẹ̀mí sọ̀kalẹ̀ lónìí! Mo gbàdúrà fún yín dáadáa."

Ọlábùnmí, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ló gbé fóònù. Ẹkún ló fi dá a lóhùn.

"Bùrọ̀dá mi, Màámi ti lọ."

"Lọ síbo?"

"Wọ́n ti kú. Láti aago mọ́kànlá ni wọ́n ti ní àyà ń dun àwọn. Bá a ṣe ń wá mọ́tò tó máa gbé wọn lọ sọ́sípítù, mo ní kí n gbìyànjú pè yín wò, wọ́n já fóònù gbà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní ẹ wà níwájú Ọlọ́run, kí ẹnikẹ́ni má pè yín jáde. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn fẹ́ bá yín sọ, àwọn á dúró dè yín. Wọ́n ń bi mí ṣáá pé aago mélòó ló lù. Nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago méjì lù, wọ́n ní, 'Miládé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde.' Wọn ò sọ nǹkan kan mọ́, mọ́tò ò sì tíì dé."

Fóònù Adémiládé ò kú ní gbogbo ọjọ́ yẹn. Bí wọ́n bá pè é, ì bá dún.

Kámẹ́rà rẹ̀ máa ń kọ aago sára fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Nínú mọ́tò, bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ní aago mọ́kànlá, ẹṣin tí kò lórí ló ń yà. Nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago méjì lù, òun fúnra rẹ̀ ni Monica yà, ó la ẹnu gbàgà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó sunkún títí wọ́n fi dé Eccles.

Lọ́jọ́ kejì, Akíndèjì gbé oúnjẹ wá kí i. "O kú ará fẹ́ra kù, Miládé. Ọlọ́run á tù ẹ́ nínú."

"Má tù mí nínú!" Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀. "Pásítọ̀ Màámi ti ń sọ fáwọn tó ń wá kí wọn nílé pé inú ìsìn ni mo wà nígbà tí ìyá mi ń lọ. Akín, irọ́ mi ló dí ìyá mi lẹ́nu."

Akíndèjì ò sọ pé kò tó nǹkan. Ó ní, "Màmá ò sí níbí tí wọ́n á fi dárí jì ẹ́, mi ò ní tàn ẹ́. Ṣùgbọ́n Jésù tó o fi orúkọ ẹ̀ parọ́ wà láàyè, ó sì ti kú nítorí òpùrọ́. Bá a sọ̀rọ̀."

"Kí ni mo fẹ́ sọ?"

"Òótọ́."

Ó kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. "Jésù, mi ò lọ. Mi ò lọ rí. Mo parọ́ fún ìyá mi, mo fi ọ́ bojú. Ṣàánú mi." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó bá Ọlọ́run sòótọ́ láti ọdún mẹ́rin tó ti dé òkè òkun, Ọlọ́run sì gbọ́ ọ.

Ó pe Ọlábùnmí lọ́jọ́ náà, ó sọ òtítọ́ fún un. Ọlábùnmí ní, "Ṣé ọgbà ìṣeré ni Màámi wá ń dúró dè?" Ó sì pa fóònù mọ́ ọn létí. Odidi oṣù mẹ́ta ni kò fi bá a sọ̀rọ̀. Adémiládé dé Ṣágámù fún ìsìnkú, ó dìde níwájú gbogbo ìjọ, ó jẹ́wọ́. Àwọn kan pòṣé sí i, ó sì gbà pé ó tọ́ sí òun.

Lónìí, ọmọ Ọlọ́run ni, àlàáfíà wà lọ́kàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan láti bá a sọ, kò sì ní mọ ọ̀rọ̀ náà láyé yìí. Bó bá ti rántí, omi á bọ́ lójú rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ ńkọ́? Ibo lo sọ fún wọn nílé pé o wà? Ẹnu rẹ ń ṣe àmín lórí fóònù, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ ò tẹ ilé Ọlọ́run mọ́. O lè tan ìyá rẹ. O lè tan pásítọ̀. Ta ló lè tan Ẹni tó dá ojú?

Má sọ pé ó dìgbà tí papers tí o fi máa gbé lókè òkun bá jáde, tàbí ó dìgbà tí o bá parí ẹ̀kọ́. Àbámọ̀ níí gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ìyá Adémiládé fẹ́ dúró, ikú ò gbà fún un. Ta ló sọ fún ọ pé á gbà fún ìwọ?

Kúnlẹ̀ síbi tí o wà yẹn, lónìí. Má wá ọ̀rọ̀ dídùn. Sọ òtítọ́ fún Jésù, kò ní lé ọ. Nígbà tí o bá dìde, bí ìyá rẹ bá ṣì wà láàyè, pè é.