Omi Ẹnu Fèrè Hilaire

Fèrè tí ẹnikẹ́ni ò fun kì í kán omi. Gbogbo àwa tá à ń bá ẹgbẹ́ onífèrè ìlú Atakpamé rìn la mọ̀ bẹ́ẹ̀: èémí ẹni tó ń fun ún ló ń di omi nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n fèrè idẹ Hilaire, àbúrò mi, tí wọ́n fi kọ́ ìṣó nínú gbọ̀ngàn tuntun ẹgbẹ́ wa, ń kán tó, tó, sórí símẹ́ńtì, ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi tá a bá ti Máàsì dé.

Àwọn Faransé ti mú Hilaire lọ ṣiṣẹ́ ojú irin lọ́nà Blitta. Honorine, ìyàwó rẹ̀, á yọ aṣọ pélébé kan, á nu ẹnu fèrè náà.

"Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ̀gbọ́n," ló máa ń sọ sí mi létí. "Ó gbóná. Ọkọ mi ti ń bọ̀."

Mo fọwọ́ kàn án. Ó gbóná lóòótọ́, bí ọmọ tí ibà ń ṣe. 

Kòkúmọ́, ọ̀gá ẹgbẹ́, kì í wo ògiri yẹn. Aláriwo ọkùnrin! Tí omi bá ti ń kán, á ní ká gbé orin sókè, pé ọjọ́ tí kọ̀mándà, òyìnbó tó ń ṣàkóso wa, máa wá ṣí gbọ̀ngàn ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Honorine fi ìka gba omi náà, ó tọ́ ọ wò. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ẹ̀gbọ́n, iyọ̀ wà nínú ẹ̀. Itọ́ kọ́ nìyí o."

Mo já fèrè náà lórí ìṣó, mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé ọ̀fun. Ìdì aṣọ funfun kékeré kan ló wà níbẹ̀. Irun orí àti èékánná ni. Ìdì náà gbẹ táútáú.

Kò sí ará Ifẹ̀ Atakpamé wa tí kò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ẹni tó bá kú sí ìdálẹ̀, irun àti èékánná rẹ̀ là ń gbé wálé sin, kó lè rọ́nà délé.

Kòkúmọ́ kúnlẹ̀. "Wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láti ojú irin ni, mo sì fi pamọ́ síbẹ̀. Mo ní tá a bá ṣí gbọ̀ngàn tán ni n ó sọ. Tá a bá ń ṣọ̀fọ̀, ta ló máa fun fèrè fún kọ̀mándà?"

"Ìwọ Kòkúmọ́! O fi àbúrò mi kọ́ ìṣó nítorí òyìnbó?" Mo bú u títí ohùn mi fi há.

Honorine ò bú ẹnikẹ́ni, kò sì sunkún. A sin ìdì náà sẹ́yìn ilé wa ní àdúgbò Agbonou, a dá fèrè padà sórí ìṣó.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó tún yọ aṣọ rẹ̀. Ó nu ẹnu fèrè, ó wo aṣọ náà, ó tún un nù.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "ó ti gbẹ. Ó ti tutù."

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ figbe ta.