Mẹ́jọ Méjì Láolú àti Ọjọ́ Kẹjọ Ọmọ Rẹ̀

Inú ń bí ẹni tó kọ ìwé pélébé yìí. Bí ọ̀rọ̀ dídùn lo bá ń wá, gbé e sílẹ̀, kí o lọ lá oyin. Ṣùgbọ́n bí o bá jẹ́ ọmọ tẹ́tẹ́, jókòó síbẹ̀. Ìwọ gan-an ni mò ń bá wí.

Láolú ń ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ìránṣọ ní Doornfontein, ní gúúsù Áfíríkà, ilé rẹ̀ sì wà ní Midrand. Ọmọlúàbí ni lójú ayé. Kì í mutí, kì í fa sìgá, òun ló tún ń gbé igbá ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Pókà ló mú un lẹ́rú, tẹ́tẹ́ oníkáàdì tí wọ́n ń ta ní kasínò. Bí o bá sì pè é ní tẹ́tẹ́, á fajú ro.

"Tẹ́tẹ́ kọ́ o," á ní. "Ọgbọ́n orí ni."

Ẹ gbọ́ ọgbọ́n orí náà. Nínú ìdíje pókà, ike róbótó-róbótó ni wọ́n ń kó fún olúkúlùkù. Ẹni tí ike rẹ̀ bá tán, ilé yá. Káàdì méjì ni wọ́n á há fún ọ. Nígbà mìíràn méjèèjì á jẹ́ ọ̀kan náà, bíi méje méjì tàbí mẹ́jọ méjì. Irú èyí kò ga, kò rẹlẹ̀, àárín ló wà. Láolú kì í fi bá ẹni tí ike rẹ̀ ga bí òkìtì jà. Ẹni tí tirẹ̀ ṣẹ́kù díẹ̀ ló ń dọdẹ.

"Ẹ̀rù ti ń ba irú ẹni bẹ́ẹ̀," á ní. "Kò lè dúró de káàdì gidi mọ́. Ìdọ̀tí yòówù tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́ ni yóò fi ti gbogbo ike rẹ̀ síwájú. Èmi á wá ti tèmi bò ó, kí ẹlòmíì má baà dá sí i. Á ku èmi àti òun."

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé èyí fún èmi ìyá arúgbó, mo rò pé yẹtí tí à ń wọ̀ ní méjì-méjì ni wọ́n ń sọ, mo tiẹ̀ fọwọ́ kan etí mi wò. A rẹ́rìn-ín títí eyín tó ṣẹ́kù lẹ́nu mi fi fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó wá yé mi, ẹ̀rín tán. Kí là ń pe ẹni tó ń rìn kiri wá ẹni tó ti ń rì, kí ó lè tẹ orí rẹ̀ bọmi? Ìwọ náà sọ ọ́!

Modúpẹ́, ìyàwó Láolú, wojú Olúwa fún ọmọ títí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń mú ọmọ tiwọn lọ sí yunifásítì. Olúwa dáhùn. Ó bí ọmọbìnrin ní ọjọ́ Sátidé kan, ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n máa sọmọ lórúkọ sì bọ́ sí Sátidé tó tẹ̀ lé e. Ìyá Modúpẹ́ ti Iléṣà wá. Wọ́n ti pe ará ilé, wọ́n ti pe ará ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìdíje ńlá kan sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú. Láolú yọjú síbẹ̀, mẹ́jọ méjì sì ń wọlé fún un léraléra. Ó wà lára àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n padà wá láàárọ̀ Sátidé.

Ó yẹ kí ó mọ̀ pé ibẹ̀ ló parí sí, nítorí ìkómọ ń bẹ lọ́la. Àmọ́ ẹ wo ohun tí Sàtánì sọ sí ọmọ Yorùbá létí: Ọjọ́ kẹjọ! Mẹ́jọ méjì! Àmì ni! Láolú gbà á gbọ́. Ó tilẹ̀ bu díẹ̀ nínú òróró àdúrà tí wọ́n gbé sílẹ̀ de ọmọ, ó fi pa ìka. Ọlọ́run wo ni yóò jókòó sí kasínò máa há káàdì fún ẹni tó sá kúrò níbi ìkómọ ọmọ rẹ̀? Ìkà! Òpònú!

Ó sọ fún Modúpẹ́ pé òun ń lọ ra yìnyín tí wọ́n máa fi mú mínírà tutù. Ó sì rà á lóòótọ́, ó kó o tọ̀rá-tọ̀rá sínú kúlà, ó gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, kí irọ́ náà má baà jẹ́ irọ́ pátápátá. Ó wá darí ọkọ̀ sí kasínò.

Nígbà tí àlejò pé, tí wọn ò rí bàbá ọmọ, Dáramọ́lá dìde. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ti Láolú, ó mọ ibi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń sá sí. Gbogbo iná róbọ́ọ̀tì tó ń darí ọkọ̀ lójú ọ̀nà ló dá a dúró, ṣùgbọ́n ó débẹ̀.

"Láolú! Pásítọ̀ ti dé. Oyin àti omi ti wà lórí tábìlì. Ìwọ nìkan là ń dúró dè."

"Rọra sọ̀rọ̀. Wo bàbá tó wà lọ́wọ́ òsì mi. Ike rẹ̀ ti fẹ́ tán. Jẹ́ kí n pa á, mo ń bọ̀."

"Ta lo fẹ́ pa lọ́jọ́ ìkómọ ọmọ rẹ?"

"Ó ti tì í! Dáramọ́lá, ó ti ti gbogbo ẹ̀ síwájú!"

Àgbàlagbà ará Soweto kan ni bàbá náà. Láolú yọjú wo káàdì rẹ̀. Mẹ́jọ méjì! Ó ti ike tirẹ̀ bò ó, gẹ́gẹ́ bí ọgbọ́n orí. Bàbá ṣí tirẹ̀: ọba kan, mẹ́wàá kan. Wọ́n tẹ́ káàdì márùn-ún sáàárín. Ọba kò wá, mẹ́wàá kò wá. Mẹ́jọ méjì borí. Láolú fò sókè, ó ń pariwo.

Bàbá náà dìde, ó gbá a léjìká. "Eish! Shap, kò burú, ọmọ mi. Èmi ń lọ sílé lọ bá àwọn ọmọ-ọmọ mi."

Ó lọ. Láolú fẹ́ dìde tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ó rí ọkùnrin kan lọ́wọ́ ọ̀tún tí ike tirẹ̀ náà ti ń tán lọ. Ó tún jókòó.

Ẹ gbà mí! Ẹni tó pàdánù ti lọ sílé. Ẹni tó borí ni kò lè dìde.

Dáramọ́lá mi orí. "Láolú, ojú rẹ mú láti rí ẹni tó ṣẹ́kù díẹ̀. Tìrẹ tó kù ńkọ́, ta ló ń bá ọ wò ó?" Ó yí padà, ó lọ.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ kí wọ́n tó gba gbogbo ike ọwọ́ Láolú. Nígbà tó délé, àga ni wọ́n ń kó. Ó gbé kúlà sílẹ̀, ó ṣí i. Omi lásán, ọ̀rá yìnyín ń léfòó lórí rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o, àna mi pàtàkì," ni ìyá Modúpẹ́ wí. "Ṣé òkè òkun lẹ ti lọ ra yìnyín ni?"

Modúpẹ́ kò pariwo. Ọmọ wà láyà rẹ̀. "Pásítọ̀ béèrè pé kí ni bàbá sọ ọmọ. Gbogbo èèyàn wojú mi. Mo ní ẹ lọ ra yìnyín." Ó fa ọmọ mọ́ra. "Gbogbo ayé ló fún un lórúkọ, àfi ẹ̀yin. Ẹ má fi ọwọ́ yẹn kàn án."

Láolú jáde sẹ́yìnkùlé, ó wó lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúlà. Níbẹ̀ ni Dáramọ́lá ti bá a.

"Mo ti parí, Dáramọ́lá. Kò ku nǹkan kan lọ́wọ́ mi."

"Ó dáa tí o mọ̀. Tí Ọlọ́run bá ń ṣe bíi tìrẹ, ìsinsìnyí ni ì bá tẹ̀ ọ́ pa. Ṣùgbọ́n Jésù rí wa nígbà tí a ṣẹ́kù díẹ̀, Ó sì ti gbogbo ohun tó ní síwájú, títí kan ẹ̀mí Rẹ̀. Kì í ṣe láti gba ìwọ̀nba tó kù lọ́wọ́ wa. Láti fi gbà wá là ni."

Láolú sunkún bí ọmọdé. Kò sọ̀rọ̀ ọgbọ́n orí mọ́. "Jésù, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Apànìyàn ni mí lórí tábìlì, òpùrọ́ ni mí nínú ilé. Gbà mí."

Ó sì gbà á. Lọ́jọ́ Ajé, Láolú fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì kasínò, ó ní kí wọ́n ya fọ́tò òun, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí òun wọlé mọ́ láé. Modúpẹ́ kò yára gbà á gbọ́, ta ni yóò dá a lẹ́bi? Ìyá rẹ̀ ló gbé oyin tó kù níbi ìkómọ jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. "Ọjọ́ ti lọ," ni màmá wí, "orúkọ kò tíì lọ." Modúpẹ́ wo ọkọ rẹ̀ títí, ó wá gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. Láolú fi oyin kan ọmọ lẹ́nu. Ó pè é ní Àánúolúwa.

Ìwọ tó ń kà á nínú taxi, tàbí lẹ́yìn káúńtà rẹ, má wò mí bẹ́ẹ̀. Bóyá ìwọ kì í ta pókà. Obìnrin ìta ni tìrẹ, tàbí igo, tàbí irọ́. O ń sọ pé, "Jẹ́ kí n ṣe èyí tán, mo ń bọ̀." Ta ló sọ fún ọ pé wàá lè dìde nígbà tí o bá borí? Ìwọ̀nba ọjọ́ tó kù fún ọ, o kò mọ̀ ọ́n. Olúwa mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ kò fi pa ọ́, Ó ń pè ọ́ ni. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà. Pe Jésù lónìí, kí wọ́n tó béèrè rẹ níwájú ìtẹ́ ìdájọ́, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní lè bá ọ parọ́.

Yìnyín ń yọ́ lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ. Dìde.